Ẹ Béèrè Òfin Kí Ẹ Tó Gba Ṣọ́ọ̀bù ní Ghana

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ECOWAS ti so wá pọ̀, ibi tó bá wù wá la lè pàtẹ sí. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Àdéhùn 1979 jẹ́ ká wọ Ghana láìgba físà, ká sì lo 90 ọjọ́. Ọ̀tọ̀ ni ká wọ̀lú, ọ̀tọ̀ ni ká gba ìsọ̀.

Òfin tí ìjọba Ghana ṣe ní 1994 ní kí àjèjì tó fẹ́ máa rà kó máa tà mú owó tàbí ọjà $300,000 wọlé. Ní 2013, wọ́n sọ ọ́ di $1,000,000, kó sì gba ọmọ Ghana 20 síṣẹ́. Mílíọ̀nù kan dọ́là! Ata wo la fẹ́ tà? Ẹni tó tiẹ̀ lówó ọ̀hún, òfin 2013 ní kò gbọdọ̀ jókòó sí ìsọ̀ ọjà, kò gbọdọ̀ kiri, kò gbọdọ̀ ta omi inú ọ̀rá. Ti ọmọ onílẹ̀ nìyẹn. Òun ni wọ́n dì mú tí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa pa ní Kumasi àti Accra ní 2019. Àwọn àgbà tó rántí bí ìjọba Busia ṣe lé wa ní 1969 ò yà lẹ́nu.

Òfin a sì máa yí. Ẹni tó bá ń lọ, kó kọ́kọ́ dé iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí òkòwò àjèjì ní Accra, kó tó kówó fún onílé.