Ọ́ìlì Tó Ti Gbóná Kí Ẹ́ńjìnnì Tó Gbẹ́rù

Àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje kì í fi ọ̀rọ̀ hítà ọ́ìlì ṣeré. Kí wọ́n tó ṣíná sí ẹ́ńjìnnì rárá, wọn á ti fi iná mànàmáná yá ọ́ìlì inú rẹ̀ títí yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tí wọ́n ń fẹ́. Bí èèyàn bá sọ èyí ní Ìgbó-Ọrà tàbí Èrúwà, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ lọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé ìlú yìnyín nìyẹn, pé oòrùn ilẹ̀ Ìbàràpá ti tó hítà fún ẹ́ńjìnnì wa. Mo gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni náwó lé hítà ọ́ìlì níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi ń lò ó kan gbogbo ẹ́ńjìnnì tó ń rin pákí láti Ìdèrè títí dé Ìgàngàn. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń yan hítà náà yóò mọ bó ṣe yẹ kó máa ṣí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ láàárọ̀, láìra ohunkóhun kún un.

Iṣẹ́ ọ́ìlì ni kó tẹ́ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín irin méjì tó ń yí, kí ọ̀kan má baà ha èkejì. Kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ débẹ̀ ná. Ọ́ìlì tó tutù ki, èyí tó gbóná ṣàn, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì sì pọ̀ ju bí ojú ṣe lè gbé e lọ. Ẹ jẹ́ ká mú ọ́ìlì 20W-50 tó pọ̀ lọ́jà wa. Bó bá wà ní 100°C, kíki rẹ̀ máa ń tó nǹkan bíi 18 lórí òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì ń lò. Bó bá wà ní 40°C, kíki rẹ̀ á ti di nǹkan bíi 160. Bẹ́ẹ̀, 40°C kì í ṣe òtútù o. Ọ̀sán gangan nínú oṣù kẹta ní Lánlátẹ̀ kì í sábà gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ní ìdájí, tí ẹ́ńjìnnì ti sùn mọ́jú lábẹ́ páànù ní 25°C, ọ́ìlì kan náà á tún ki tó ìlọ́po méjì bó ṣe rí ní 40°C. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ọ́ìlì tó wà nínú ẹ́ńjìnnì kí a tó ṣí i láàárọ̀ ki ní nǹkan bí ìlọ́po ogún ju ọ́ìlì kan náà lọ nígbà tí iṣẹ́ bá ti wọra. Ooru ojú ọjọ́ kò lè ṣe ohun tí iná inú ẹ́ńjìnnì ń ṣe fún ọ́ìlì. Ibi tí àwíjàre “ilẹ̀ wa gbóná” ti kùnà nìyẹn.

Kí ló wá dé tí ọkọ̀ ìje fi nílò ìrànlọ́wọ́ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n fún irin inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ra gidigidi, wọ́n sì máa ń fẹ́ kó sáré dé òpin agbára rẹ̀ láìpẹ́ tó bá jáde sójú ọ̀nà. Ti ọkọ̀ ìje Formula 1 le débi pé ẹ́ńjìnnì náà kì í fẹ́ yí bó bá tutù; ṣe ni wọ́n ń fi pọ́ǹpù tó wà lóde gba omi gbígbóná àti ọ́ìlì gbígbóná kọjá inú rẹ̀ kí wọ́n tó ṣíná. Èyí tí kò le tó ìyẹn náà ní ewu tirẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ki jù, fáàbù tó ń dín agbára títẹ̀ pọ́ǹpù kù á ṣí, á máa da ọ́ìlì padà síbi tó ti wá dípò kó lọ sára bẹ́ríìnì. Fílítà náà ní fáàbù tirẹ̀: bí ọ́ìlì kò bá lè ráyè kọjá, fáàbù yìí á jẹ́ kó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá láìsẹ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Ẹni tó ń wo gééjì ọ́ìlì níwájú awakọ̀ á wá rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ga fíofío, á sì rò pé ara ẹ́ńjìnnì le. Àmọ́ títẹ̀ ni gééjì yẹn ń wọ̀n. Kì í wọ̀n bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn. Ọ́ìlì tó ki máa ń tẹ̀ mọ́ inú páìpù gidigidi nítorí pé kò ráyè kọjá. Gééjì omi náà kò ṣeé gbára lé fún èyí, torí omi ń tètè gbóná, ọ́ìlì sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú ìṣẹ́jú púpọ̀.

Nígbà tó bá wá kan yíyan hítà, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí èèyàn wá èyí tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ wo bọ́ìlíǹ-rìǹgì tí à ń jù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì láti fi yá omi ìwẹ̀. Irin kékeré ni, ó sì lè gba 1000 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú omi, kò sí ìyọnu: omi tó fara kan irin náà á gbóná, á gòkè, omi tútù á sọ̀ kalẹ̀ dípò rẹ̀. Nínú ọ́ìlì tó ki, ìyípo yẹn kì í yá. Ọ́ìlì kì í gbé ooru kọjá dáadáa bí omi. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti omi ló ń gbé. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ irin náà á dúró síbẹ̀, á máa gbóná sí i, á jóná, á di èédú dúdú lára irin náà, nígbà tí èyí tó wà láàárín táǹkì ọ́ìlì ṣì tutù nini. Èédú yẹn á bọ́ sínú ọ́ìlì, pọ́ǹpù á sì gbé e kiri. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ ká bi ẹni tó ń ta hítà ni bí ojú tí wáàtì náà tẹ́ sí ṣe fẹ̀ tó. 500 wáàtì tó tẹ́ sórí páàdì tó fẹ̀ bí ìwé ńlá, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara táǹkì láti ìta, kì í jó ọ́ìlì. 500 wáàtì kan náà tó kóra jọ sára irin tó tó ìka ọwọ́ yóò jó o.

Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé agbára kékeré á pẹ́ jù lè ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀. Táǹkì ọkọ̀ ìje tó gba ọ́ìlì lítà 10 ń fẹ́ ooru tó jẹ́ nǹkan bí 960 kílójúùlù láti ti 25°C dé 80°C. Hítà 500 wáàtì á ṣe é ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 32, bí ooru kò bá sá lọ; ẹ fi díẹ̀ kún un fún èyí tó ń sá gba ara táǹkì. Ẹni tó mọ aago tí ìje yóò bẹ̀rẹ̀ kò ní ìdí láti kánjú ju ìyẹn lọ. Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni ẹ̀rọ tó ń pa hítà náà bí ọ́ìlì bá ti gbóná tó: inú ọ́ìlì gan-an ló yẹ kí ojú rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara páàdì, ooru páàdì ni yóò máa kà, yóò sì pa iná kí ọ́ìlì tó gbóná. Lẹ́yìn gbogbo èyí, táǹkì nìkan ló gbóná. Ọ́ìlì inú fílítà àti inú ihò ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, nítorí náà awakọ̀ ṣì gbọ́dọ̀ fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Winnipeg tàbí Edmonton ní Kánádà mọ ohun mìíràn tó jọ èyí: wáyà tó yọ láti iwájú ọkọ̀, tí wọ́n ń kì bọ iná mọ́jú nígbà òtútù. Ọ̀pọ̀ nínú ìyẹn kì í fara kan ọ́ìlì. Omi tó yí ẹ́ńjìnnì ká ló ń yá, kí ẹ́ńjìnnì lè ṣí rárá nígbà tí òtútù bá wọ −30°C. Ìṣòro tiwọn ni kí ẹ́ńjìnnì ṣí. Tiwa máa ń ṣí lọ́gán, ìyẹn gan-an ló sì ń tàn wá jẹ láti gbé ẹrù lé e lórí lójú ẹsẹ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé nílẹ̀ Áfíríkà, ooru àjù ló ń pa ọkọ̀ ìje. Òótọ́ ni. Nígbà tí awakọ̀ ìje Jean-Pierre Nicolas fi Peugeot 504 V6 gba ipò kìíní nínú ìje Côte d'Ivoire ní 1978, ooru àti eruku ló ń bá ọkọ̀ jà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣòro méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọ́ìlì tó ki, wákàtí tó kù jẹ́ ti ọ́ìlì tó lè ṣàn jù, ẹ́ńjìnnì kan náà sì lè rí méjèèjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ wá wo ilé ìringàrí ní Àyétẹ̀ tàbí Tápà. Wọ́n kó pákí tí wọ́n ti bó kalẹ̀, àwọn ìyá ń dúró, oníẹ̀rọ ṣí ẹ́ńjìnnì dísù, ó sì da agbọ̀n kún fọ́fọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ kí èéfín àkọ́kọ́ tó lọ. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ́ìlì ki jù, tí ẹrù sì wúwo jù. Ohun tí hítà ń ṣe fún ọkọ̀ ìje, ẹ́ńjìnnì yìí lè ṣe é fún ara rẹ̀ bí wọ́n bá fún un láyè: kí ẹ̀rọ ìrin yí lófìfo fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí agbọ̀n àkọ́kọ́ má pọ̀, kí wọ́n sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń ra dísù lówó gọbọi á ní òfò ni. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí kò gbẹ́rù kì í jẹ dísù púpọ̀, pákí díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n sì ń fi sí i ń di gàrí, kò ṣòfò. Àwọn mẹkáníìkì mìíràn á sọ pé jíjẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa kùn lásán ń ba ọ́ìlì jẹ́. Wọ́n jàre bó bá jẹ́ ìdajì wákàtí ni, torí epo tí kò jó tán á máa jò wọnú ọ́ìlì. Ìdí tí mo fi ń sọ pé kí ẹrù fúyẹ́ dípò kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa kùn nìyẹn: ẹrù tó fúyẹ́ ń yá ọ́ìlì kíákíá ju ìkùn lásán lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì dáná sábẹ́ ẹ́ńjìnnì láti fi yá ọ́ìlì. Bíi ti bọ́ìlíǹ-rìǹgì náà ló tún rí, ìsàlẹ̀ ni yóò jóná, ewu iná sì tún wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ irú ọ́ìlì tún wà níbẹ̀. Ìgbàgbọ́ pé èyí tó bá ki jù ló dára jù fún ilẹ̀ gbígbóná ti wọ́pọ̀ jù. Nọ́ńbà kejì lára agolo ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná. Èyí tó ní W ń sọ bó ṣe rí nínú òtútù líle, 20W nínú òtútù −15°C, èyí tí a kò ní rí láé. Síbẹ̀, ní 40°C, ọ́ìlì 15W-40 máa ń ki ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti 20W-50, nítorí náà ó ń tètè dé ara bẹ́ríìnì láàárọ̀. Bí ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì dísù wá bá fọwọ́ sí 15W-40, kò sí ìdí láti fi 20W-50 rọ́pò rẹ̀ nítorí oòrùn. Ti ọ́ìlì ayédèrú tàbí ọ́ìlì àlòkù tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹdẹ́ḿ, tí wọ́n sẹ́ padà sínú agolo tuntun kò ní ìwòsàn kankan nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí.

Ẹni tó bá ṣì ń fẹ́ hítà kó rántí pé 500 wáàtì lórí bátìrì 12 fóòtì ń gba nǹkan bí áńpíà 42. Bátìrì áńpíà-wákàtí 60 kò ní pẹ́ wákàtí kan ààbọ̀ tí yóò fi kú pátápátá, ẹ́ńjìnnì kò sì ní ṣí mọ́. Owó náà á wúlò jù lórí tẹmómítà kékeré tó ṣeé sọ̀ gba ihò ọ̀pá tí a fi ń yẹ ọ́ìlì wò lẹ́yìn tí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìgbó-Ọrà lè fi irú rẹ̀ wọn ọ́ìlì àwọn ẹ́ńjìnnì ìringàrí tó yí wọn ká, kí wọ́n kọ iye ìṣẹ́jú tó gba kálukú láti dé 60°C pẹ̀lú ẹrù tó fúyẹ́, kí wọ́n sì lẹ ìwé náà mọ́ ògiri ilé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan níbi tí oníẹ̀rọ yóò ti máa rí i.