Ìrépé Aṣọ Gẹ́gẹ́ Bí Ohun Èlò Ìkọ́ni: Rírán Ẹní Ìṣeré fún Àwọn Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi ní Èbúté Mẹ́ta

Ìfáàrà

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tí ó wà ní Èbúté Mẹ́ta àti àyíká rẹ̀, ẹní fóòmù tí wọ́n ń kó wọ̀lú láti òkè òkun ni àwọn ọmọdé ń jókòó lé. Ègé-ègé ni wọ́n ń tò ó pọ̀, lẹ́tà kan sì máa ń wà lára ègé kọ̀ọ̀kan, láti A títí dé Z. Lẹ́tà 26 ni gbogbo rẹ̀. Márùn-ún nínú wọn, ìyẹn C, Q, V, X àti Z, kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Mẹ́rin tí Yorùbá sì ní, ìyẹn Ẹ, GB, Ọ àti Ṣ, kò sí lára ẹní náà. Ọmọ tí ó ń jẹ́ Gbénga, Ọlá tàbí Ṣadé lè jókòó lórí irú ẹní bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì gbáko láì rí lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni bí olùkọ́ Yorùbá ṣe lè fi ìrépé aṣọ rán ẹní ìṣeré fún àwọn ọmọdé. A kò mú un gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà àtidín ìnáwó kù nìkan. Ní èrò tiwa, èrè rẹ̀ tí ó ga jù lọ ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tí irú ẹní bẹ́ẹ̀ ń fà jáde lẹ́nu olùkọ́ àti lẹ́nu ọmọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ní àkókò yìí. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2018 sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ títí dé ìparí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ wọ́gi lé e, ó sì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi lọ sókè. Ìwọ̀nba àkókò ni ó wá kù fún Yorùbá nínú kíláàsì. Síbẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí olùkọ́ bá dúró níwájú pátákó ni ọmọ ọdún mẹ́ta ń kọ́ èdè jù. Orí ilẹ̀, nínú eré, ni ó ti ń kọ́ ọ.

Ìrépé Kì í Ṣe Àkísà

A ní láti kọ́kọ́ yanjú ọ̀ràn kan tí ó lè mú kí òbí kọ ẹní náà. Yorùbá kì í fẹ́ rí àkísà nítòsí ọmọ ọwọ́. Orúkọ àbíkú tí í jẹ́ Àkísàátán fi èyí hàn: ohun tí àwọn òbí ń sọ fún ọmọ tí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀ ni pé kò sí àkísà tí wọn yóò fi dì í sin mọ́. Inú ìyá tí ó mọ ìtàn orúkọ yìí kò lè dùn bí wọ́n bá tẹ́ ohun tí ó jọ àkísà fún ọmọ rẹ̀. Olùkọ́ tí kò bá sì mọ ìtàn náà yóò rò pé ìgbéraga ni ó ń da ìyá ọmọ láàmú.

Èdè wa ti ya nǹkan méjèèjì sọ́tọ̀. Àkísà ni aṣọ tí a ti lò gbó, tí ó ti fàya. Ìrépé ni èyí tí ó ṣẹ́ kù lára aṣọ lẹ́yìn tí aránṣọ ti gé ohun tí ó fẹ́ gé. Aṣọ tuntun ni. Bí ó bá jẹ́ ìrépé aṣọ ẹbí, ó tilẹ̀ lè jẹ́ irú èyí tí ìyá ọmọ wọ̀ lọ sí òde. Ó yẹ kí olùkọ́ pe ọ̀rọ̀ náà ní orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n mú ìrépé tiwọn wá.

Síso ìrépé pọ̀ kì í ṣe àṣà àjèjì láàrin wa. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún. Oríṣiríṣi aṣọ ni a ń rán pọ̀ láti fi ṣe é, àwọn ọmọ ilé a sì máa fi aṣọ tuntun kún un láti ọdún dé ọdún, débi pé èyí tí ó ti pẹ́ yóò wà lábẹ́ èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tí ó bá ti wo etí irú aṣọ bẹ́ẹ̀, tí a gé ní onígun mẹ́ta-mẹ́ta bí eyín ayùn, yóò mọ̀ pé ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ni ó rán an. A kò sọ pé kí ẹní jẹ́lé-ó-sinmi jọ ẹ̀kú o (àwọn òbí onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí kò ní gbà, àwọn ará ọ̀jẹ̀ pàápàá kò sì ní gbà). Ohun tí a ń sọ ni pé ìmọ̀ àtifi ègé wẹ́wẹ́ ṣe odidi ti wà nílẹ̀ kí á tó bí wa.

Ibi tí a ti lè rí Ìrépé

Èbúté Mẹ́ta kò lè wá ìrépé tì. Lára àwọn tí ó tẹ̀dó síbẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ tí wọ́n lé kúrò ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1867, tí Gómìnà Glover fún ní ilẹ̀. Abẹ́òkúta sì ni ìlú tí a mọ̀ mọ́ àdìrẹ títí di òní. Ọjà Òyìngbò wà nítòsí, ti Tẹ́júoṣó ní Yábàá kò sì jìnnà. Àwọn aránṣọ wà káàkiri àdúgbò, ìrépé tí wọ́n bá sì gbá jáde wà lára ohun tí ń dí gọ́tà nígbà òjò. Bí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ bá kí aránṣọ dáadáa, tí ó fi àpò kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, yóò rí i gbà padà ní kíkún kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ankara àti àdìrẹ olówùú ni kí á fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Léèsì olókùúta àti aṣọ tí a fi ohun dídán wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ lára kò dára, nítorí ẹnu ni ọmọ ọwọ́ fi ń yẹ gbogbo nǹkan wò.

Bí a ṣe ń Rán an

Lẹ́tà 25 ni ó wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, márùn-ún lọ́nà márùn-ún sì ni 25. Èyí ni a fi ṣe ìwọ̀n ẹní tí a ń dábàá. Kí á fi páálí gé àwòṣe onígun mẹ́rin tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 10, kí á sì fi gé ègé aṣọ 25. Bí a bá yọ ìdajì íǹṣì sílẹ̀ ní ìhà kọ̀ọ̀kan fún ojú ìrán, ègé kọ̀ọ̀kan yóò ku íǹṣì 9 lẹ́yìn tí a bá rán an, odidi ẹní yóò sì jẹ́ íǹṣì 45 níbùú lóòró. Ìbú ankara tí a ń tà lọ́jà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, nítorí náà yáàdì kan àti ààbọ̀ tó fún ẹ̀yìn rẹ̀. Kakí tàbí jíìnsì dára ju ankara lọ fún ẹ̀yìn bí a bá rí i, nítorí pé wọ́n ki, wọn kì í sì í tètè gbó lórí sìmẹ́ńtì.

Kí á fọ gbogbo aṣọ kí á tó gé wọn. Àdìrẹ tí kò bá tíì ṣíwọ́ aró ṣíṣàn yóò ba gbogbo èyí tí ó kù jẹ́, aṣọ òwú mìíràn a sì máa sún kì nígbà tí omi bá kàn án fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí a bá ti lọ̀ wọ́n, kí á rán ègé márùn-ún pọ̀ ní ìlà kan. Bí ìlà márùn-ún bá pé, kí á wá rán àwọn ìlà náà pọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ̀rọ ìránṣọ alọ́wọ́ lè ṣe gbogbo rẹ̀, a kò nílò iná mànàmáná.

Ẹ̀yìn ni ó gba ìrònú. Kí á fi ẹfun aránṣọ pín aṣọ ẹ̀yìn sí ojú 25, kí á gé àwọn lẹ́tà láti ara ìrépé, kí á sì rán wọn mọ́ ojú wọn kí á tó so ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ iwájú. Ojú kan ṣoṣo ni GB yóò gbà, nítorí lẹ́tà kan ni, kì í ṣe méjì. Òwú ni kí á fi rán àmì tí ó wà lábẹ́ Ẹ, Ọ àti Ṣ, kí ó má ṣe jẹ́ bọ́tìnnì. Lẹ́yìn èyí, kí á tẹ́ aṣọ ẹ̀yìn, kí lẹ́tà dojú kọ ilẹ̀; kí á tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí a ti fọ̀ lé e; kí á wá fi iwájú bò ó. Kí á gán wọn pọ̀, kí á fi ẹ̀rọ tọ ojú ìrán láàrin ègé àti ègé kí ohun tí ó wà nínú má baà ṣù jọ, kí á sì ṣẹ́tí rẹ̀ yípo. Àwọn kan fẹ́ràn fóòmù fún inú rẹ̀. A kò fara mọ́ ọn: fóòmù kì í tètè gbẹ lóṣù kẹfà sí oṣù keje ní Èkó, ẹní tí kò bá sì gbẹ yóò bu.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ Ṣọ́ra fún

Kí á ka píìnì kí á tó bẹ̀rẹ̀, kí á sì kà á lẹ́ẹ̀kan sí i bí a bá parí. Bí ó bá dín ẹyọ kan, ẹní náà kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ títí a ó fi rí i.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, kò gbọdọ̀ sí ohun kékeré kankan lára ẹní. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán ohun ìṣeré wò ní Amẹ́ríkà jẹ́ ihò tí ìbú rẹ̀ tó mìlímítà 31.7, ohun tí ó bá wọ inú rẹ̀ tán pátápátá lè há ọmọ lọ́fun. Páálí tí ó máa ń wà láàrin ìwé ìnùdí fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí náà ohun tí ó bá gba inú rẹ̀ kọjá, kí á má ṣe lò ó. Okùn kò gbọdọ̀ gùn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ẹní ìṣeré kì í ṣe ẹní oorun fún ọmọ ọwọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn ní ọdún 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, tí kò sì tíì lè rá, máa dojú bolẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, nígbà tí ojú rẹ̀ bá là, tí àgbà sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹní yìí wúlò fún un. Bí oorun bá ti kùn ún, kí á gbé e kúrò.

Ohun tí Ọwọ́ Bà, Kí Ẹnu Dárúkọ Rẹ̀

Ní ọdún 1907, Maria Montessori, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ṣí ilé àwọn ọmọdé kan ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Róòmù. Lára ohun èlò rẹ̀ ni ègé aṣọ méjì-méjì tí ọmọ tí a fi nǹkan bò lójú yóò máa fi ọwọ́ wá èyí tí ó bá ara mu. Eré náà dára. Àwa Yorùbá tilẹ̀ ní ohun tí a lè fi kún un, nítorí pé èdè wa kún fún ọ̀rọ̀ tí ìró wọn gan-an ń ya àwòrán ohun tí ọwọ́ bà.

Bí ọmọ bá fi ọwọ́ kan àrán, kí olùkọ́ sọ fún un pé ó rọ̀ múlọ́múlọ́. Aṣọ ìborùn rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ègé àpò kòkó rí ṣágiṣàgi. Ibi tí a ti rán ìrépé wẹ́wẹ́ lé ara wọn rí gbágungbàgun. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ fi etí sí ohùn àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Nínú múlọ́múlọ́ àti fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, apá kejì tún ohùn apá kìn-ín-ní pè bákan náà. Aṣọ tí ó tẹ́jú ni wọ́n ń ṣàpèjúwe. Nínú ṣágiṣàgi, gbágungbàgun àti wúruwùru, ohùn já láti òkè bọ́ sí ìsàlẹ̀ ní apá kejì. Ohun tí kò tẹ́jú tàbí tí kò létò ni wọ́n sì ń ṣàpèjúwe. Bẹ́ẹ̀ náà ni jágajàga àti rádaràda. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè ṣàlàyé èyí, ṣùgbọ́n yóò gbọ́ ọ bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ lórí aṣọ. Ẹní fóòmù kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí bákan náà ni ara rẹ̀ rí láti A dé Z.

Àwọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Kí ọmọ má ṣe gbọ́ pupa lásán. Pupa fòò ni kí ó gbọ́, funfun báláú, dúdú kirikiri. Bí a bá rí ìrépé aṣọ òkè mẹ́ta, kí á fi wọ́n sí ìlà kan náà: ẹtù tí ó dúdú bí aró, àlàárì tí ó pupa, àti sányán tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti òwú kòkòrò. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó mọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìwé kò lè tọ́ka sí wọn lójú ọjà.

Fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, a lè gé àwòrán tí yóò kọ́ wọn ní ohùn. Ọkọ̀ àti ọkọ́ ni ó rọrùn jù láti gé. Ọmọ Èbúté Mẹ́ta kò ní ṣì ọkọ̀ ojú irin mọ̀: ojú irin ti gba ibẹ̀ dé Ìbàdàn láti ọdún 1901, ibùdókọ̀ tí a fi sọrí Mobọ́lájí Johnson sì ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2021. Ọkọ́ ni ó lè má tíì rí rí. Kí olùkọ́ gbé ọkọ́ gidi wá sí kíláàsì ní ọjọ́ náà, kí ó sì gbé e padà lọ sílé.

Nígbà Ìdánrawò Iṣẹ́ Olùkọ́

Káàdì páálí ni púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń gbé lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, òjò kan tó láti sọ ọ́ di ẹlẹ́kọ. Ó yẹ kí àwa tí a ń lọ bẹ̀ wọ́n wò fún ẹní aláṣọ ní máàkì tí ó tọ́ sí i, kí á sì yẹ ojú ìrán rẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń yẹ àmì ohùn wò nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lè pawọ́ pọ̀ rán ẹyọ kan. Ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò wà nígbà tí wọ́n bá lọ, ẹni tí yóò sì máa lò ó lẹ́yìn wọn lè má jẹ́ olùkọ́ Yorùbá. Nítorí náà, kí á rán àpò pẹlẹbẹ kan mọ́ igun ẹ̀yìn rẹ̀, kí á kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó bá ègé aṣọ kọ̀ọ̀kan lọ sí ìwé pẹ̀lú àmì ohùn wọn, kí á kì í bọ inú àpò náà, kí á sì máa rántí yọ ọ́ ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ fọ ẹní.