Àlọ àti Àbọ̀ Owó nínú Ẹ̀rọ POS: Àlàyé fún Ọlọ́jà àti fún Ẹni tó ń Kọ́ Ọmọ Ọlọ́jà

Ìfáárà

Ìjà kan wọ́pọ̀ ní ọjà wa báyìí. Oníbàárà ra ọjà, ó fi káàdì sínú ẹ̀rọ POS, ó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ ní kò gbà. Kí ó tó yí ẹ̀yìn padà, fóònù rẹ̀ dún: báńkì ti yọ owó. Ọlọ́jà ní owó kò wọlé. Oníbàárà ní owó ti kúrò lọ́wọ́ òun. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, síbẹ̀ wọn a fẹ́rẹ̀ẹ́ pe ara wọn ní olè. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí irú èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀, kí a sì tọ́ka sí ohun tó wà lára rìsíìtì tó lè parí rẹ̀. Ọlọ́jà ni a kọ ọ́ fún, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òwò, nítorí àwọn ni yóò lọ kọ́ ọmọ ọlọ́jà ní kíláàsì.

Ní ọdún 2012 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, tí gbogbo wa mọ̀ sí CBN, bẹ̀rẹ̀ ètò ìdínkù owó ọwọ́ ní Èkó kí ó tó tàn dé àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Àmọ́ lójú tiwa, ọ̀wọ́n owó ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ náírà, ló ti ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kékeré sídìí POS. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ nígbà náà ń wo ata tó ń jẹrà lórí àtẹ.

Àwọn tó wà láàárín

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú ẹ̀rọ náà ni owó ń gbà kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí oníbàárà bá ti tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ a ka ègé irin pélébé tó wà lójú káàdì, a sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ di àdìtú, a wá rán iṣẹ́ jáde: “Káàdì báyìí fẹ́ san ₦8,500. Ṣé owó wà?” Báńkì tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ọlọ́jà àti báńkì tó fún oníbàárà ní káàdì lè má jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí náà alárenà gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń wà láàárín ìdílé méjì tó fẹ́ di àna ara wọn. Ní Nàìjíríà, NIBSS, tí CBN àti àwọn báńkì jọ ni, wà lára àwọn alárenà yìí. Interswitch, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, wà lára wọn pẹ̀lú. Àwọn nọ́ńbà tó ṣíwájú lójú káàdì ni alárenà fi ń mọ báńkì tí yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Báńkì náà a wo àkáǹtì. Bí owó bá wà, a yọ ọ́, a sì dá èsì padà gba ọ̀nà tí iṣẹ́ gbà wá.

Bí èsì bá tiẹ̀ dára, owó lè má tíì dé ọwọ́ ọlọ́jà. Àwọn báńkì ṣì máa ṣírò ohun tí wọ́n jẹ ara wọn. Ìlànà CBN fi àyè sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí owó tó wọ àkáǹtì ọlọ́jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń san án lójú ẹsẹ̀.

Alárenà kì í ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọdún 2019 ni CBN ti fi owó iṣẹ́ náà sí ìdá ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì gbọdọ̀ ju ₦1,000 lọ. Lórí ọjà ₦20,000, ₦100 ni. Ọlọ́jà ni òfin ní kó san án. Ẹni tó ń gbé e lé oníbàárà lórí ń ṣe ohun tí kò tọ́. (Ti àwọn tó ń fi POS fún ènìyàn ní owó ọwọ́ yàtọ̀, òwò mìíràn nìyẹn.)

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀

Àlọ wà, àbọ̀ wà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já ní àlọ, iṣẹ́ kò dé báńkì, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan owó. Bí ó bá já ní àbọ̀ ni wàhálà dé: báńkì ti yọ owó, ó ti dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò gbọ́ ìdáhùn náà. Ẹ̀rọ a dúró títí, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde pé kò gbà. Ó yẹ kí iṣẹ́ kejì tẹ̀lé e láti sọ fún báńkì pé kó dá owó padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó já lẹ́ẹ̀kan lè ṣì wà ní jíjá.

Níbo wá ni owó wà? Kò sí nínú dúrọ́ọ̀ ọlọ́jà, kò sì sí lọ́wọ́ oníbàárà. Ọ̀dọ̀ àwọn báńkì ló wà. Nítorí náà, báńkì tó ni káàdì ni oníbàárà yóò lọ bá. Láti oṣù kẹfà ọdún 2020 ni CBN ti pàṣẹ pé kí àwọn báńkì yanjú irú ẹjọ́ POS bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí 72. Ọlọ́jà tó bá fi àánú gbé ọjà fún oníbàárà nítorí alert orí fóònù lè pàdánù ọjà náà pátápátá, nítorí bí báńkì bá dá owó padà, ọ̀dọ̀ oníbàárà ni yóò dá a padà sí.

Kíka rìsíìtì

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ ń sọ, ṣùgbọ́n kóòdù onínọ́ńbà méjì tó ń tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kò ní èdè. Ìlànà kan náà tí ayé ń lò, ISO 8583, ló ti wá. 00 túmọ̀ sí pé ó gbà. Ó lè ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí òdo lójú wa ni òfo. 51 ni pé owó kò tó. 55 ni pé nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kò tọ̀nà, kí oníbàárà má sì máa dán an wò títí báńkì yóò fi ti káàdì náà pa. 91 ni kí a fura sí jù: báńkì oníbàárà tàbí alárenà kò dáhùn. A kì í yára fi káàdì sí i lẹ́ẹ̀kejì, kí owó má baà kúrò lẹ́ẹ̀mejì. Kí oníbàárà kọ́kọ́ wo àkáǹtì rẹ̀ ná.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni nọ́ńbà 12 tí wọ́n kọ RRN sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òun ni báńkì fi ń wá iṣẹ́ kan ṣoṣo yẹn rí láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Oníbàárà tó lọ sí báńkì láìní i yóò kàn máa sọ ìtàn ni. Rìsíìtì POS kì í sì pẹ́ kó tó parẹ́, nítorí ooru ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe yíǹkì. Oòrùn orí àtẹ a máa pa ojú rẹ̀ rẹ́. Kí ọlọ́jà da RRN, ọjọ́, wákàtí àti iye owó kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀rọ gbà tàbí kò gbà.

Ní kíláàsì, àwọn rìsíìtì àtijọ́ tó kù ní ṣọ́ọ̀bù ilé-ẹ̀kọ́ ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá kóòdù rẹ̀, kí ó sọ bóyá àlọ ni ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́ tàbí àbọ̀, kí ó sì fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni tó dúró níwájú ìyá tó ń ta gàrí.