Nígbà Tí Iye Tí Agbaṣẹ́ṣe Pè Bá Ju Àpò Ìjọba Lọ Létíkun

Ọdún 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú Ayétòrò dó sí etí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òkun ti gbé ilé, ilé ìwé àti itẹ́ òkú lọ níbẹ̀. Ní 2004, NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, gbé iṣẹ́ ìdènà omi jáde ní iye tó lé ní bílíọ̀nù 6 náírà. Iṣẹ́ náà kò lọ síwájú, wọ́n sì tún un gbé fún agbaṣẹ́ṣe mìíràn ní 2009. Ní 2024, tó pé ogún ọdún gééré, ará ìlú ṣì ń ké pé àwọn ò rí ògiri kankan. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ Ayétòrò, ibi tí owó wọlé sí ló máa ń béèrè, ìbéèrè gidi sì ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó ṣíwájú rẹ̀ tí a kì í sábà bi: ta ló ṣírò rẹ̀ pé bílíọ̀nù 6 tó, tàbí pé ó ti pọ̀ jù? Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Ìjẹ̀bú gbọ̀ngbọ̀n. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní etíkun tirẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní Ògùn Waterside láàárín Èkó àti Oǹdó. Àpò tí ìpínlẹ̀ yóò ti mú owó tún un ṣe náà ni àwọn ará Ìbefun àti Ìjẹ̀bú-Òde ń wò fún ọ̀nà tiwọn.

Nígbà tí ìjọba bá ṣí ìwé àwọn agbaṣẹ́ṣe, tó wá rí i pé ẹni tó pe owó kéré jù pàápàá ti kọjá iye tó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, ohun méjì ló máa ń yá wọn lára: kí wọ́n wá owó kún un, tàbí kí wọ́n gé iṣẹ́ kúrú. Ní tèmi, méjèèjì ti yá jù. Owó tó lé yẹn ń sọ nǹkan kan fún wa, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ tán ká tó fọwọ́ kan náírà kan tàbí mítà ògiri kan. Ó lè jẹ́ pé ìjọba ló ṣìṣirò. Ó lè jẹ́ ewu tí agbaṣẹ́ṣe rí níwájú ló fi kún owó. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn agbaṣẹ́ṣe ti fikùn lukùn. Oògùn ọ̀kan kò wo èkejì.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìṣirò. Ọkọ̀ tó ń fa iyanrìn láti ìsàlẹ̀ òkun, dọ́là ni wọ́n sábà máa ń fi yá a, epo dísẹ́ẹ̀lì ló sì ń jẹ. Òkúta ńláńlá, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń kó o wá, nítorí kò sí àpáta létíkun wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan wà ní bíi náírà 460 lọ́jà ìjọba. Kí oṣù kejì 2024 tó parí, ó ti tó bíi 1,500. Ká ní wọ́n ṣírò iṣẹ́ kan sí bílíọ̀nù 2 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, kí ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí à ń fi dọ́là rà. Bílíọ̀nù kan yẹn nìkan ti di bílíọ̀nù 3.26, gbogbo iṣẹ́ náà sì ti kọjá bílíọ̀nù 4, láìsí pé ẹnikẹ́ni jalè. Kí ni ìjọba fẹ́ bá agbaṣẹ́ṣe jà lé lórí níbẹ̀? Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2007 lórí ọjà rírà àti iṣẹ́ gbígbé jáde ti ní kí iléeṣẹ́ ìjọba wádìí iye tí nǹkan ń lọ lọ́jà kí ó tó gbé iṣẹ́ síta. Ìwádìí oṣù tí a fẹ́ gbé e ló wúlò, kì í ṣe ti ọdún tí a kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Gígé iṣẹ́ kúrú ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ó máa ń jọ ọgbọ́n. Owó tí ọkọ̀ afayanrìn yóò gbà kí ó tó dé, kí wọ́n to páìpù, kí wọ́n sì tún kó o padà, kò dín kù nítorí pé ògiri dín kù. Bí a bá gé ògiri sí méjì, owó rẹ̀ kì í pín sí méjì. Iyanrìn etíkun wa pàápàá kì í dúró sójú kan: ìgbì ń tì í láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn láìsinmi. Ní bíi 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn kọ́ ògiri òkúta sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó kí ọkọ̀ òkun lè ríbi wọlé. Iyanrìn kó jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn ògiri náà, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Ìjọba ń da iyanrìn síbẹ̀, òkun ń kó o lọ: ní àárín àwọn ọdún 1970, ní 1981, ní àárín àwọn ọdún 1980, àti ní 1990, ó ń di mílíọ̀nù kúbíìkì mítà lọ́pọ̀ ìgbà. Ìgbà tí wọ́n to búlọ́ọ̀kù kọnkéré ńláńlá síbẹ̀ lẹ́yìn 2005 ni ọ̀nà Ahmadu Bello tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó sinmi lọ́wọ́ omi. Ilé àbọ̀ lè dúró de ẹni tó ni ín títí di ọdún tó ń bọ̀; ògiri àbọ̀ létíkun kò lè dúró, nítorí ibi tí ó bá parí sí ni òkun yóò ti gbà yí wọ ilẹ̀ aládùúgbò.

Ti ìfikùnlukùn ní àmì tirẹ̀: àṣìṣe kan náà nínú ìwé agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta, iye owó tó ń fi ìdá kan náà ju ara wọn lọ láti orí ìlà kìíní dé ìparí, ẹni tó pàdánù tó wá ń bá ẹni tó jáwé olúborí ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá tú ìwé náà sílẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan nìkan ló lè rí i. Òfin 2007 pè é ní ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 10 láìsí owó ìtanràn. Ó tún fún ìjọba láṣẹ láti kọ gbogbo ìwé náà sílẹ̀ láìjẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá tún iṣẹ́ kan náà gbé síta láìyí ohunkóhun padà, àwọn kan náà ni yóò tún padà wá, pẹ̀lú owó tó tún ga sí i.

Wọ́n á ní òkun kì í dúró de ìwádìí. Òótọ́ ni, òfin náà sì ti fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ pàjáwìrì. Àpò iyanrìn lè lọ síbẹ̀ lọ́la. Àmọ́ láti 2004 dé 2024, kì í ṣe oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi yẹ ìwé wò ló pa Ayétòrò lára. Àwọn mìíràn á ní ká kàn mú ẹni tó pe owó kéré jù. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé kí a mú ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù láàárín àwọn tó kájú ìwọ̀n iṣẹ́ náà. Lójú òkun, owó tó kéré jù bó ṣe yẹ ló ń bí iṣẹ́ tí wọ́n pa tì.

Ó ku ewu tí agbaṣẹ́ṣe ń fi kún owó, ibẹ̀ sì ni agbára ìjọba pọ̀ sí jù. Agbaṣẹ́ṣe tó mọ̀ pé ìjọba lè jẹ òun ní bílíọ̀nù kan fún ọdún kan, nígbà tí báǹkì bá ń gba èlé ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò ti fi mílíọ̀nù 250 kún owó kó tó fọwọ́ síwèé. Òfin ní bí owó bá kọjá ọgọ́ta ọjọ́, kí èlé máa gorí rẹ̀. Ìjọba tó bá fi owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, tó sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn bí owó yóò ṣe gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ bí dọ́là bá yí, ti bọ́ ẹrù ńlá kúrò lórí iye náà kí ẹnikẹ́ni tó dúnàá-dúrà. Ti owó dídé ọkọ̀ afayanrìn náà ṣeé pín. Ní 2018, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 210 dọ́là fún etíkun orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò sì pa iṣẹ́ ẹnu ààlà wọn pọ̀. Èkó, Ògùn àti Oǹdó fara kan ara wọn létíkun. Kí ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó lábẹ́ DAWN, àjọ ìdàgbàsókè àwọn ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tó wà n'Ìbàdàn, kí wọ́n gbé iṣẹ́ etíkun wọn jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọkọ̀ kan náà ti Lẹ́kí dé Ayétòrò.