Ẹni tí a rí láti òkèèrè: ohun tí Gèlèdé lè kọ́ àwọn tó ń ya ẹ̀dá inú eré ìdíje

Ẹni tó bá gun òkè Lèma ní òwúrọ̀, tó sì wo ọ̀nà oko nísàlẹ̀, yóò ti mọ ẹni tó ń bọ̀ kí ojú rẹ̀ tó hàn. Ìrìn ni yóò fi dá a mọ̀, tàbí ẹrù orí, tàbí bí èjìká kan ṣe tẹ̀ ju èkejì lọ. Àwa tí a ń gbé láàárín òkè mọ́kànlélógójì Igbó Ìdáàṣà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wa. Òjìji ara, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní silhouette, ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ orúkọ ẹni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ṣe eré ìdíje lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àgbà ka irú eré bẹ́ẹ̀ sí ìfàkókòṣòfò, a kò sì wá gbèjà ẹni tó pa ìwé tì nítorí eré. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tó tọ́ sí tọmọdé tàgbà: bí a bá fẹ́ tún ẹ̀dá kan yà, kí ni a lè yí padà, kí sì ni a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn?

Ẹ jẹ́ kí a mú League of Legends, eré tó jáde ní ọdún 2009. Ènìyàn márùn-ún ni ó ń dojú kọ márùn-ún, olúkúlùkù sì ń wo pápá láti òkè bí ẹni tó dúró lórí àpáta. Àwọn ẹ̀dá tí a lè yàn nínú rẹ̀ lé ní 160. Kí ojú tó ṣẹ́, òṣèré gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ tó wà, ohun tó mú lọ́wọ́ àti ohun tó fẹ́ ṣe. Bí kò bá tètè mọ̀ ọ́n, a ti pa á.

Àpẹẹrẹ kan tó lókìkí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Team Fortress 2, tí ilé-iṣẹ́ Valve ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2007. Oríṣi jagunjagun mẹ́sàn-án ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún kan náà, àwọn ayàwòrán rẹ̀ kọ ìwé láti ṣàlàyé iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ya ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́nà tí a ó fi lè dá a mọ̀ nípa òjìji rẹ̀ nìkan: ẹni tó gbé ìbọn ńlá rí gbàǹgbà bí ilẹ̀kùn ààfin, asáré inú wọn sì rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹgbẹ́ kan wọ pupa, èkejì wọ búlúù. Wọ́n jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, kí àyà sì mọ́lẹ̀ sí i, kí ojú lè lọ tààrà sí ibi tí ohun ìjà wà.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi yìí. Robert Farris Thompson, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó kú ní 2021, ti bi àwọn Yorùbá léèrè ohun tí wọ́n fi ń mọ ère tó dára, ó sì tẹ èsì wọn jáde ní 1973. Lára ohun tí wọ́n dárúkọ fún un ni ìfarahàn, ìyẹn ni pé kí gbogbo ẹ̀yà ère hàn kedere, kí ojú má ṣi wọ́n mú. Òmíràn ni jíjọra: kí ère jọ ẹni tí a gbẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má jọ ọ́ jù. Ètò iṣẹ́ náà pàápàá tẹ̀ lé èrò yìí. Ọnà lílé ni ó ṣáájú, níbi tí a ti ń gbẹ́ orí, àyà àti ẹsẹ̀ ní gbogboogbò. Àlétúnlé tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà dídán, fífín ni ó sì gbẹ̀yìn. Kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń fín irun nígbà tí orí kò tíì dúró. Bákan náà ni ayàwòrán eré tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ya bọ́tìnì aṣọ kí òjìji tó pé.

Nípa àtúnyà, Gèlèdé ni olùkọ́ tó dára jù lọ tí a mọ̀. Ìtàn tó gbilẹ̀ sọ pé láti Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa níhìn-ín, ni ó ti tàn kálẹ̀. UNESCO kéde rẹ̀ bí ogún aráyé ní 2001, ó sì wọ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 2008, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Orí ni a ń gbé ère rẹ̀ lé bíi fìlà, apá méjì ni ó sì sábà máa ń ní. Nísàlẹ̀ ni ojú wà, tó tutù, tó sì dákẹ́. Lókè ni gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń dá àrà tó bá wù ú: ẹyẹ, ejò, obìnrin tó ru igbá ọjà. Nígbà tí ayé yí padà, alùpùpù gun orí Gèlèdé, ẹ̀rọ ìránṣọ gùn ún, bàálù pẹ̀lú gùn ún. Ojú ìsàlẹ̀ kò kúrò ní ipò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ara tí a fi aṣọ dì rẹpẹtẹ kò yí padà. Nítorí náà ẹni tó dúró lẹ́yìn agbo ṣì lè mọ̀ láìbéèrè pé Gèlèdé ti dé.

Àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe eré náà mọ òfin yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, Riot Games tún Warwick yà, ẹ̀dá tó ti wà nínú League of Legends láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n yí ìrísí rẹ̀, ohùn rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ nínú agbára rẹ̀ padà. Síbẹ̀ ó ṣì jẹ́ ọkùnrin tó di ìkookò, tó ń tọ òórùn ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn. Kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn igbẹ́.

Àwọn mìíràn gbàgbé rẹ̀. Ní 2009, Team Fortress 2 bẹ̀rẹ̀ sí fi fìlà ọ̀ṣọ́ kún eré rẹ̀. Ní 2010 ó ṣí ìsọ̀ tí a ti ń fi owó rà wọ́n. Ọ̀ṣọ́ pọ̀ títí ó fi bo òjìji tí àwọn ayàwòrán ti fi làálàá yà, àwọn òṣèré àtijọ́ sì ń ráhùn.

Níbi tí owó ti wọ̀ ọ́ ni ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀tọ́. Nínú Call of Duty: Warzone, tó jáde ní 2020, aṣọ kan wà fún ẹ̀dá tó ń jẹ́ Roze, tó dúdú láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹni tó wọ̀ ọ́ tó sì sá sí kọ̀rọ̀ ti di òkùnkùn. Ariwo pọ̀, àwọn oníṣẹ́ sì mú kí aṣọ náà mọ́lẹ̀ sí i ní 2021. Ní ìparí 2023, wọ́n tún ní láti yọ aṣọ mìíràn kúrò fún ìgbà díẹ̀, èyí tó sọ ara ẹ̀dá di ẹ̀ka igi tí ojú lè là kọjá. Ìjà tí ẹnì kan ti sanwó kí a má baà rí òun kì í ṣe ìdíje mọ́. Ó sì máa ń ṣe ọmọ tó ní fóònù kékeré lọ́ṣẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ, ọmọ tí gíláàsì rẹ̀ ti sán, tó ń wò ó nínú oòrùn ọ̀sán. Ìfarahàn ni apá kan nínú eré tí tálákà àti ọlọ́rọ̀ lè jọ ní.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ilé-iṣẹ́ Hi-Rez Studios ní Amẹ́ríkà ṣe eré ìdíje kan tó ń jẹ́ SMITE, tó jáde ní 2014, níbi tí àwọn òrìṣà onírúurú ilẹ̀ ti ń bá ara wọn jà. Ní 2019 wọ́n mú Ọlọ́run wọ inú rẹ̀, Yemọja sì tẹ̀ lé e. Yemọja kò ṣòro láti dá mọ̀: omi ni ó fi ń jà, agbára tó ń ná pàápàá ni wọ́n pè ní Omi, ní èdè wa. Ti Ọlọ́run yàtọ̀. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa kì í gbẹ́ ère Olódùmarè. Àwọn ayàwòrán náà fún un ní ara àti ojú kí ó lè dúró lójú ìjà. Ìfarahàn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni a fi jọ? Ìbéèrè yìí kò ní rí ìdáhùn tó yẹ àfi bí àwọn ọmọ tó mọ ìtàn bá jókòó sídìí tábìlì tí a ti ń yà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ fẹ́ràn àwòrán, ọgbọ́n kan nìyí tí kò ná yín ní ohunkóhun. Ẹ ya ẹ̀dá kan tí ẹ fẹ́, ọdẹ, olóyè tàbí ìyá aláró. Ẹ fi èédú kùn ún dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, kí ojú àti aṣọ parẹ́. Ẹ gbé e jìnnà ní ogún ìgbésẹ̀, kí ẹ bi ẹgbẹ́ yín pé ta nìyẹn. Bí ó bá dáhùn kíá, ọnà lílé ti pé. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí fín in. Bí ó bá ń rò ó, ẹ má tíì fi ọ̀ṣọ́ kankan sí i.