Líle Géèmù Akọni àti Adùn Àtúngbá Rẹ̀

Nínú oríṣiríṣi géèmù tí àwọn ènìyàn ń gbá lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan wà tí àríyànjiyàn orí rẹ̀ kì í tán láàárín àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn irú èyí tí ẹni tó ń gbá a ti máa ń di akọni inú ìtàn, tí yóò yan irú ẹni tí akọni náà jẹ́, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe àti ohun tí kò mọ̀, tí agbára rẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i bó ṣe ń rìnrìn àjò tó sì ń jagun. RPG ni àwọn oníṣòwò géèmù ń pè é. Géèmù akọni ni orúkọ tí àpilẹ̀kọ yìí yóò máa lò. Àríyànjiyàn náà dá lórí bí wọ́n ṣe gbé irú géèmù bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, bó ṣe yẹ kó le tó, àti adùn àtúngbá, ìyẹn ohun tí yóò mú kí ẹni tó ti gbá a dópin tún padà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, kò ní ka ìgbékalẹ̀ irú eré yìí sí àjèjì. Nínú ìwé náà, Àkàrà-ògùn kò dá lọ sí Òkè Láńgbòdó. Àwọn tó bá a rìn ní ẹ̀bùn tó yàtọ̀ síra, nítorí pé Kàkò ni oníkùmọ̀, Ẹ̀fọ̀ìyẹ̀ ni tafàtafà, Olóhùn-iyọ̀ ni olórin, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko, Ìmọ̀dóye sì ni ọlọ́gbọ́n wọn, débi pé ibi tí agbára ẹnì kan bá pin sí ni ti ẹlòmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, ṣe nígbà tí Dungeons & Dragons jáde ní 1974 ni pé wọ́n sọ irú ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ di eré orí tábìlì, wọ́n fi nọ́ńbà díwọ̀n agbára, ọgbọ́n àti ìfaradà akọni kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní kí dáìsì máa pinnu bóyá idà ba ọ̀tá tàbí kò bà á. Kọ̀ǹpútà kàn gba ìṣirò náà lọ́wọ́ ènìyàn ni.

Ní 1980, Rogue, tí Michael Toy àti Glenn Wichman bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì kan ní Kalifọ́níà, yanjú ọ̀rọ̀ líle àti ti adùn àtúngbá pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn lẹ́tà àti àmì orí kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ya gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, tí àmì @ dúró fún akọni, tí lẹ́tà ńlá kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹranko burúkú kan. Akọni tó bá kú nínú rẹ̀ ti kú nìyẹn, kò sí àjíǹde, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà a máa tún àwọn yàrá abẹ́ ilẹ̀ náà tò lọ́tun nígbàkígbà tí eré bá tún bẹ̀rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fi lè há ọ̀nà ibẹ̀ sórí. Ọgbọ́n tí ẹni tó kú kọ́ nìkan ló lè mú padà wọlé.

Yorùbá ti mọ irú líle yẹn tipẹ́ lórí ọpọ́n ayò. Ilé tó wà lórí ọpọ́n kò ju 12 lọ, ọmọ ayò jẹ́ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, kò sí dáìsì níbẹ̀, gbogbo ọmọ ayò ló wà ní gbangba lójú àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ọ̀ta lè na òpè láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìjẹ́ pé òpè rí ẹlòmíràn dá lẹ́bi yàtọ̀ sí ara rẹ̀. Inú ìpinnu ni líle ayò wà, ìdí sì nìyẹn tí òpè fi ń padà wá lọ́jọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ géèmù akọni kò dé ibẹ̀. Ọ̀nà tó yá jù fún ẹni tó ṣe géèmù láti mú un le ni kó sọ ẹ̀mí ọ̀tá di ìlọ́po mẹ́ta, kí ọ̀tá tó yẹ kó kú lẹ́yìn tí idà bá bà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá má kú títí yóò fi bà á ní ìgbà ọgbọ̀n. Ìyẹn kì í ṣe líle. Wíwulẹ̀ dá ènìyàn lágara ni.

Oblivion, tí ilé iṣẹ́ Bethesda gbé jáde ní ọdún 2006, ṣàṣìṣe mìíràn tí àwọn ènìyàn ò tíì gbàgbé. Àwọn tó ṣe é fẹ́ kí akọni lè lọ síbi tó wù ú nígbà tó wù ú, nítorí náà wọ́n mú kí àwọn ọ̀tá máa lágbára sí i bí akọni ṣe ń lágbára sí i, kí ibikíbi má baà rọrùn jù tàbí le jù. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé ọlọ́ṣà ojú ọ̀nà lásánlàsàn a dìde sí akọni tó ti di ògbóǹtarìgì, a ní kó san owó wúrà 100 kó tó kọjá, nígbà tí ìhámọ́ra tó wà lára ọlọ́ṣà náà fúnra rẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó wúrà. Bí olè bá ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀, kí ló ń jalè fún? Ó tún burú ju ẹ̀rín lọ, nítorí pé akọni tí ayé ń bá dàgbà ní ìwọ̀n kan náà kò dàgbà rárá, bẹ́ẹ̀ ìdàgbà sì ni gbogbo ohun tí irú géèmù yìí ṣèlérí.

Àwọn ará Japan tó wà ní ilé iṣẹ́ FromSoftware, lábẹ́ ìdarí Hidetaka Miyazaki, gba ọ̀nà mìíràn nínú Demon's Souls ní 2009 àti Dark Souls ní 2011. Ọkàn tí akọni ń gbà lára àwọn tó pa ni owó rẹ̀, òun náà ló sì fi ń ra agbára. Tó bá kú, gbogbo rẹ̀ yóò já sílẹ̀ níbi tó kú sí, ó sì ní àǹfààní kan ṣoṣo láti padà lọ ṣà á, torí tó bá tún kú lọ́nà, ó ti bọ́ nìyẹn. Líle ni, ṣùgbọ́n ọ̀tá kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń gbé ọwọ́ sókè kó tó ṣá ènìyàn, ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó yóò sì mọ ìgbà tó yẹ kó yẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà gbé Sekiro jáde ní 2019 láìfi ìpele ìrọ̀rùn kankan sí i, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ káàkiri ayé: àwọn kan ní ẹni tó fowó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ láti rí ìparí rẹ̀, àwọn mìíràn sì ní bí wọ́n bá dẹ̀ ẹ́, kò ní jẹ́ géèmù kan náà mọ́. Ó jọ pé Larian, ilé iṣẹ́ ará Bẹ́ljíọ̀mù tó ṣe Baldur's Gate 3 ní 2023, ló rí i ṣe jù. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ fi sílẹ̀ kí olúkúlùkù yan èyí tó bá a mu, nígbà tó sì di ìparí oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n fi ìpele kan kún un tó jẹ́ pé bí gbogbo ẹgbẹ́ bá kú, ó parí. Níbẹ̀, wọn kò kàn fi nọ́ńbà kún ẹ̀mí àwọn ọ̀gá ọ̀tá, wọ́n fún wọn ní ọgbọ́n ìjà tí wọn kò ní tẹ́lẹ̀.

Ní Ìdímù àti àwọn àdúgbò tó yí i ká ní Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó, líle kan tún wà tí kò sí olùṣe géèmù kankan tó gbèrò rẹ̀, ìyẹn ni iná. Nínú Final Fantasy VII, tó jáde ní 1997 fún PlayStation, ẹni tó bá wọ inú ihò tàbí ilé ọ̀tá kò lè fi ibi tó dé pamọ́ àfi tó bá rìn dé ojú ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, ibẹ̀ sì lè jìnnà síra. Ará Japan tó gbé òfin yìí kalẹ̀ fẹ́ kí ọkàn ènìyàn máa mì díẹ̀ bó ṣe ń wá ibi ìpamọ́ náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú iná lọ ní Ìdímù kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo ogun tí ènìyàn ti jà láti wákàtí kan sẹ́yìn yóò wọmi láìjẹ́ pé ó ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ó yani lẹ́nu pé Dark Souls, tí gbogbo ayé ń pè ní aláìláàánú, ló ṣàánú ẹni tó ń gbé níbi tí iná ti ń ṣe ségesège, nítorí pé ó ń fi ibi tí akọni dé pamọ́ fúnra rẹ̀ láìdúró. Ìyàtọ̀ àárín ìjìyà tó kọ́ ènìyàn lọ́gbọ́n àti èyí tó kàn gba àkókò rẹ̀ hàn kedere níbí ju bó ṣe lè hàn ní Tokyo lọ.

Iná nìkan kọ́. Láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá, géèmù bọ́ọ̀lù ló gba iwájú nínú ọ̀pọ̀ ilé géèmù, torí pé ẹni méjì ló ń jókòó gbá a, ìdíje kan kì í pẹ́ parí, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi yóò dìde fún ẹni tó kàn. Géèmù akọni tó ń gba ọgọ́ta wákàtí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo kò lè mówó wọlé fún onílé géèmù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ orí lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ nínú yàrá ló ń gbé, pẹ̀lú ẹni tó fi dátà ara rẹ̀ wà á sílẹ̀. Baldur's Gate 3 ń béèrè ààyè 150 GB lórí kọ̀ǹpútà; ẹni tó bá ti ra dátà rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ adùn àtúngbá ṣe pàtàkì fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí pé géèmù tó ṣeé gbá lẹ́ẹ̀mẹ́ta dín owó tó ná kù. Àwọn kan rò pé gígùn ni adùn àtúngbá, ṣùgbọ́n gígùn kò ju gígùn lọ. Fallout, tí Tim Cain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilé iṣẹ́ Interplay ní 1997, kò gùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tíì di ohun ìgbàgbé. Akọni rẹ̀ jáde láti inú ihò tí àwọn ènìyàn sá sí nítorí ogun átọ́míìkì, ó sì ní 150 ọjọ́ láti wá ohun èlò tí ẹ̀rọ omi wọn nílò. Bí ẹni tó ń gbá a bá yan akọni alágbára tí ọgbọ́n rẹ̀ kò tó 4 nínú 10, akọni náà kò ní lè sọ̀rọ̀ yanjú, yóò kàn máa kùn ni, àwọn tó bá pàdé yóò sì ṣe é bí aláìmọ̀kan. Ṣùgbọ́n akọni ọlọ́gbọ́n tí ẹnu rẹ̀ dùn, tó ti wá ẹ̀rí pé àwọn ẹ̀dá tí ọ̀gá ọ̀tá fi ń rọ́pò ènìyàn kò lè bímọ, lè gbé ẹ̀rí náà síwájú rẹ̀ ní ìparí, kí ọ̀gá ọ̀tá fúnra rẹ̀ rí i pé asán ni gbogbo làálàá òun, kó sì pa ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yìnbọn. Ẹni tó fi ìbọn parí rẹ̀ kò mọ̀ pé ọ̀nà yẹn wà àfi tó bá tún un gbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni The Witcher 2, láti Pólándì ní 2011: ẹni tí akọni bá tẹ̀ lé ní ìparí apá kìn-ín-ní ló ń sọ ìlú tí yóò wà ní apá kejì, ìdá kan tó tóbi nínú iṣẹ́ àwọn tó ṣe é sì wà níbẹ̀ tí ẹni tó gbá a lẹ́ẹ̀kan kò ní rí láé. Ó gba ìgboyà láti ná owó sórí ohun tí ìdajì àwọn oníbàárà kò ní fojú kàn.

Àpẹẹrẹ tó súnmọ́ ilé jù lọ wá láti Kamẹrúùnù tó bá Nàìjíríà pààlà. Ní Yaoundé, Madiba Olivier àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Kiro'o Games sílẹ̀ ní 2013, wọ́n tọrọ 40,000 owó Yúrò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn lórí Kickstarter ní 2015, wọ́n sì rí i gbà kọjá bẹ́ẹ̀. Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2016. Enzo, ọmọ ọba ìlú Zama, ni àna rẹ̀ fi ọ̀tẹ̀ lé kúrò lórí oyè, tí òun àti Erine aya rẹ̀ sì bọ́ sójú ọ̀nà láti lọ kó agbára àwọn baba ńlá jọ. Agbára yìí ní oríṣi tó pọ̀, akọni sì lè pa wọ́n pọ̀ lójú ìjà kí wọ́n di agbára tuntun, nítorí náà ẹni tó bá ń gbá a ní ohun tó pọ̀ láti dán wò, ìjà rẹ̀ sì le lọ́nà tó bọ́gbọ́n mu. Ibi tó kù sí ni ìtàn rẹ̀, tó ń tọ ojú ọ̀nà kan ṣoṣo: Enzo yóò ṣe ohun tí Enzo yóò ṣe, ẹni tó sì tún un gbá yóò tún gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Fún ẹgbẹ́ kékeré tí kò ní owó púpọ̀, ìpinnu yẹn yéni, ṣùgbọ́n òun ló fà á tí Aurion fi jẹ́ géèmù tó dùn láti gbá ju èyí tó dùn láti tún gbá lọ.

Ní Èkó, àwọn olùṣe géèmù bíi Maliyo Games, tí Hugo Obi wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 2012, yan géèmù kéékèèké orí fóònù tí ènìyàn lè gbá nínú dánfó kó tó sọ̀kalẹ̀, ọgbọ́n òwò sì ni. Ẹni tó bá máa gbé géèmù akọni jáde láàárín Yorùbá kò nílò àwòrán olówó ńlá. Kó ṣe èyí tí kò wúwo, tí ń fi ibi tí akọni dé pamọ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tí olórin sì lè gba ọ̀nà tí oníkùmọ̀ kò lè gbà dópin. Kí òbí tàbí ọ̀dọ́ tó fẹ́ ra géèmù akọni kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó fi dátà wà á sílẹ̀, bóyá ó ṣeé fi pamọ́ níbikíbi, kó sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti gbá a tẹ́lẹ̀ bóyá ìpinnu inú rẹ̀ ń yí ohunkóhun padà.