Ṣé Kí N Mu Ún, Ìyá Àgbà?

 

Lọ́dún tó kọjá, mo mú ọmọ ọmọ mi lọ sétí odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ó bu omi sínú igbá. Omi náà pọ́n bí omi amọ̀. Ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé kí n mu ún?" Mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Nígbà tí mò ń wá ọmọ, omi yìí ni mo mu kí n tó lóyún ìyá ẹ̀.

Kì í ṣe ẹjọ́ Yèyé. Lókè odò, lápá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn kan ń wa wúrà láìgbàṣẹ. Wọ́n ń fọ iyẹ̀pẹ̀, ẹrẹ̀ ẹ̀ sì ń ṣàn wọ inú odò. Mẹ́kúrì tí àwọn awawúrà míì fi ń kó wúrà jọ, oró ni. Kéèyàn se omi ò lè mú un kúrò. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ nígbà ọdún pé ká má mu ún. Idẹ la fi ń bọ Yèyé. Wúrà ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ba omi ẹ̀ jẹ́!

Àwọn kan nínú wa ní ẹni tó bá gbà gbọ́, kò lè ṣe é ní nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, Yèyé olómọ ò ní ká fún ọmọ ní oró mu.

Ní 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé àfojúsùn 17 kalẹ̀ fún ìdàgbàsókè tó máa tọ́jọ́, wọ́n sì fi é sí 2030. Ìkẹfà ni omi mímọ́ fún gbogbo èèyàn, àti pé ká dín oró tí à ń dà sódò kù. Sí tiwa, èèwọ̀ àtijọ́ ni: àwọn baba wa ti ní ká má pẹja, ká má dẹ̀gbẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun.

Àmọ́ ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi náà ti ju ọ̀rá píọ́ wọ́tà sétí odò rí. Lọ́dún yìí, kí kálukú kó ìdọ̀tí ẹ̀ padà sílé. Omi kànga tó mọ́ ni ká fi se àgbo ọmọ. Kí àwọn olórí wa sì jọ lọ bá ìjọba, kí wọ́n béèrè ìgbà tí wíwa wúrà yìí máa dópin.

Ọmọ yẹn ṣì ń retí ìdáhùn tó dáa ju "rárá" lọ. Kí Yèyé jẹ́ ká rí i fún un o. Àṣẹ.